Òní Kì Í Ṣe Sátidé

Akọ̀wé ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́ fi ìka kan ti fáìlì wọn padà, bí ẹni ti àwo ọbẹ̀ tó ti kan.

"Màdáàmù, mo ti sọ fún yín. Ẹni tó bá ti lọ́kọ rí, tí ọkọ náà sì kú, gbọ́dọ̀ mú ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ wá. Láìsí ìyẹn, n ò lè lẹ ìkéde ìgbéyàwó yín mọ́ pátákó."

Monílọ́lá ò bá a jà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìjà. Wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n ti búra ní kóòtù, wọ́n ti dúró lórí ìlà títí ẹsẹ̀ fi wú. Ìwé kan ṣoṣo yìí ló kù. Silas, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, rò pé ó sọnù ni, torí ohun tí Monílọ́lá sọ fún un nìyẹn. Irọ́ ni. Ìwé náà wà ní Oǹdó, nínú àpótí ìyá Adépọ̀jù, ọkọ rẹ̀ tó kú.

"Mo mọ ibi tó wà," ó sọ fún Silas níta. "Ẹ dúró dè mí níbí. Màá dé kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì."

Nínú mọ́tò Oǹdó, ó ń to ọ̀rọ̀ lọ́kàn, ó tún ń tú u ká. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rere wo lèèyàn fẹ́ sọ fún abiyamọ tó sin ọmọ rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé tó jẹ́rìí pé ọmọ yín kú, mo fẹ́ fi fẹ́ ẹlòmíràn? Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Monílọ́lá wà tí ìyá tó bí i fi kú. Ìyá Adépọ̀jù ló jókòó tì í ní ọsibítù nígbà tí oyún wálẹ̀ lára rẹ̀. Òun náà ló dì í mú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pósí wọlé. Láti ìgbà náà, kò sí Sátidé tí kì í gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹja yíyan lọ bá a. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ: bó bá la ẹnu, kò ní ní ìyá mọ́.

Màámi wà níwájú ilé, ó ń yí kòkó tó sá sórí ẹní. Ó gbójú sókè.

"Òní kì í ṣe Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ kú iṣẹ́ o." Monílọ́lá kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò ló pòórá. "Ìwé Adépọ̀jù ni, mà. Ìwé ikú rẹ̀. Wọ́n ń béèrè rẹ̀ ní Àkúrẹ́, níbi tí a ti fẹ́... níbi tí mo ti fẹ́..." Ẹkún gbé ìyókù mì.

Màámi yí kòkó rẹ̀ títí dé etí ẹní, ó gbọn ọwọ́, ó wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti di ìwé náà sínú ọ̀rá, ojú rẹ̀ sì pọ́n.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Silas, mà."

"Ṣé ó ní sùúrù?"

"Ó ní in, mà."

Màámi na ọ̀rá náà sí i, ṣùgbọ́n kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. "Ṣé torí èyí lo ṣe ń rù? Mo rò pé àìsàn ni." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé, "ìyàwó mi" ló máa ń pè é, òní ló kọ́kọ́ dá orúkọ rẹ̀. "Monílọ́lá, gbogbo Sátidé tí o fi ń wá síbí, ṣé o rò pé mo rò pé Adépọ̀jù ló ń rán ọ?"

Màámi fi ọ̀rá sílẹ̀ fún un, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó padà sídìí kòkó rẹ̀.

"Oògùn mi ti fẹ́ tán o," ó wí.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti ọ́fíìsì nígbà tí Monílọ́lá padà dé. Silas fa àga fún un. Ìgbà tó jókòó ló tó mọ̀ pé kì í ṣe ìdúró ló ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí.

Akọ̀wé náà gbọn eruku kòkó kúrò lára ọ̀rá, ó yẹ ìwé náà wò.

"Ẹ wá rí i ṣá! Ọwọ́ ta ló wà?"

"Ọwọ́ ìyá mi ni."

Silas, tó mọ̀ pé ìyá Monílọ́lá ti kú tipẹ́, yíjú wò ó. Monílọ́lá ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.