Ta Ló Gẹ Irun Yìí?

Ọ̀gá Bábà, onígbàjámọ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan irun rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún àwọn oníbàárà nìyẹn: dígí méjì, kílípà kan, ó parí. Irọ́ gbuu ni. Ìgbà kan ṣoṣo tó dán an wò, odindi oṣù kan ló fi dé fìlà nínú ooru, tó ń sọ pé òtútù ń mú òun. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń yọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òdìkejì ìlú. Ó sọ fún un pé mẹ́káníìkì lòun. Odindi ọkùnrin tó ń fi irun jẹun, ìpàkọ́ ara rẹ̀ ń dẹ́rù bà á!

Ó dúpẹ́ pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọyì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, káfíńtà tí ikùn ńlá rẹ̀ ti sọ orúkọ ìnagijẹ yẹn di irọ́ tipẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, ní àárọ̀ Sátidé, á wá jókòó sórí àga, wọn á tàkúrọ̀sọ títí, á wo dígí, á ní, "Ọwọ́ ẹ dáa, ọ̀rẹ́ mi!" Á dé fìlà rẹ̀, á lọ.

Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ kò ju ẹni tó bá gbà kí o fi sísọ́ọ̀sì kọ́ṣẹ́ lórí òun. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú dé. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe tán, orí rẹ̀ dà bíi pápá tí ewúrẹ́ jẹ kù.

"Ta ló gẹ irun yìí?" ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pariwo.

"Èmi ni mo gẹ ẹ́ fúnra mi, mà."

Pàṣán dún lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọ̀gá Bábà ọjọ́ iwájú wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ki ìka bọ ẹnu, kò sì jáde.

Nígbà tí wọ́n pé mẹ́tàdínlógún, ọ̀rẹ́ di ẹni tó ń sọ òótọ́ fúnni. Irun márùn-ún ló hù sí Ọ̀gá Bábà lágbọ̀n, ó sì ń fi yangàn, àfi bí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe sọ lójú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wọn pé, "Lọ bọ́jú, èérí wà lágbọ̀n ẹ." Oṣù mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìjà yẹn, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò tún sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀ mọ́. Ọ̀gá Bábà rò pé iṣẹ́ òun ló ti dán mọ́rán. Ẹ ò rí nǹkan!

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun lọ tán ni iná lọ. Ọ̀gá Bábà ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí òun kúkú lọ gẹ ti òun. Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ó rí ikùn kan tó mọ̀ dáadáa lórí àga, fìlà wà lórí orúnkún.

"Bàbá, gbogbo ìgbà ni mò ń tún orí yín ṣe," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wí. "Ta ló gẹ irun yìí gan-an? Ṣe ni kí wọ́n gba kílípà lọ́wọ́ olúwa rẹ̀!"

Ojú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣe mẹ́rin nínú dígí. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wúkọ́.

"Èmi ni mo gẹ ẹ́ fúnra mi."

Inú kọ́kọ́ bí Ọ̀gá Bábà. Ẹ̀yìn náà ni ìtìjú wá bò ó: ọkùnrin yìí ṣì ń jẹ pàṣán nítorí òun. Ilẹ̀kùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Tó bá jáde, kò sẹ́ni tó máa dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láéláé, Sátidé wọn á sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Tó bá sọ̀rọ̀, àfàìmọ̀ kí àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù má ṣófo títí ayé. Kò sì ní ọ̀rẹ́ mìíràn.

"Irọ́ ni," ó ní. "Èmi ni mo gẹ ẹ́. Ti àkọ́kọ́ yẹn náà, èmi ni."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa kílípà. "Ẹ̀yin mẹ́káníìkì?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò yíjú padà. Inú dígí ló ti ń wò ó, ojú rẹ̀ kún fún omi, ẹ̀rín sì ń gbọn ikùn rẹ̀.

"O mà pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn o," ó ní. "Wá jókòó, ìwọ ló kàn."