Ojú Táíwò

Ọyatómi kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó má tú ìdí rẹ̀ wò. Èyí tó sì pẹ́ jù lọ́kàn rẹ̀ ni ti ìyá-ìyá rẹ̀, Ṣàngóbùnmi. Ìbejì ni Ṣàngóbùnmi kọ́kọ́ bí. Àwọn méjèèjì kú, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ère wọn fún òun. Ère Kẹ́hìndé ṣì wà nílé ní Ìlọrá. Ti Táíwò ńkọ́? Àwọn ará ilé ní Ṣàngóbùnmi ló tà á fún òyìnbó ajẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ní ó ní àlè ní Fìdítì, torí gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń rìn lọ síbẹ̀ láìgbé ẹrù kankan. Ẹnu ayé ò ní ìlẹ̀kùn.

Ìdòwú tí wọ́n bí lé àwọn ìbejì náà ni màmá Ọyatómi. Arúgbó ni wọ́n báyìí. "Bí mo bá kú láìmọ̀ bóyá ìyá mi tà á," ni wọ́n sọ lánàá, "ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n lọ́run?"

Ni Ọyatómi bá fi aṣọ wé Kẹ́hìndé, ó gbé e sínú báàgì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Fìdítì. Ilé tí ajẹ́lẹ̀ ń kó ère àti nǹkan ìbílẹ̀ àwọn ará ìlú sí láyé ọjọ́un ti di mùsíọ́mù.

Nasrullah, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, mú un dé ìdí àpótí onígíláàsì kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "Ère ìbejì, Ìlọrá. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́."

"Bàjẹ́ kẹ̀!" Inú bí Ọyatómi. Ó yọ Kẹ́hìndé jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tiẹ̀ náà ti jẹ dan bíi ti èyí tó wà nínú gíláàsì. "Ọlọ́wọ́ òsì ni ìyá wa àgbà. Bí wọ́n ṣe ń dojú kọ àwọn ère náà fi kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ wọ́n nìyẹn."

Nasrullah lọ gbé ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ wá. Fọ́tò tí wọ́n ya lọ́jọ́ tí ère náà dé wà níbẹ̀: ojú, imú àti ilà ṣì hàn kedere.

"Ìyá, kò tíì jẹ nígbà tó dé ibí," ni Nasrullah wí.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ta ló wá fọ ojú rẹ̀ títí tó fi jẹ?

Nasrullah ṣí ìwé náà síwájú. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé nígbà náà ló kọ ọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́: "Ajẹ́lẹ̀ gbé ère Ìlọrá wá. Ìyá ọmọ fi ẹkún tẹ̀lé e dé ẹnu géètì." Lábẹ́ rẹ̀: "Obìnrin Ìlọrá tún wá. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wẹ ọmọ rẹ̀, ó lọ." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ, lọ́jọ́ ọjà lọ́jọ́ ọjà, fún ọdún mọ́kàndínlógún.

Omi bọ́ lójú Ọyatómi. Ó pe màmá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ìyá yín ò tà á o! Ajẹ́lẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi rìn wá wẹ̀ ẹ́."

Ìdòwú sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i. "Àlè Fìdítì nìyẹn o!" Wọ́n wá béèrè pé: "Ọyatómi, ta ló ń wẹ ẹ̀gbọ́n mi báyìí?"

Ọyatómi gbójú sókè wo Nasrullah, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́yìn ọmọkùnrin náà pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan. Nasrullah fi kọ́kọ́rọ́ ṣí àpótí náà, ó sì jáde lọ bu omi.