Ẹyin Tí Rahmah Jí

Gàrí ni Rahmah ń mu láàárọ̀, ẹ̀bà lọ́sàn-án, gàrí tún ni lálẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi o, èyí tó kan dáadáa. Ikùn ọmọ náà wá yọ roboto, irun rẹ̀ pọ́n. Ìyá Fàtímọ̀, ìyá ìyá rẹ̀, sì ń yangàn káàkiri abúlé wọn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ pé ọmọ òun ti ń jọ òyìnbó. Àfìgbà tí ẹsẹ̀ wú, tí ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ò lè dìde mọ́, tí kò tiẹ̀ sunkún mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n lò ní ọsibítù n'Íjẹ̀bú-Òde.

"Màmá, àìjẹunrekánú ló ń ṣe ọmọ yìí," ni Nọ́ọ̀sì Mojí wí.

"Àìjẹun? Pẹ̀lú ikùn yìí?"

"Wíwú ni, kì í ṣe yíyó. Ẹ fún un ní ẹ̀wà, ẹja, àti ẹyin lójoojúmọ́."

"Ẹyin kẹ̀! Ṣé kó lè di olè ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dìde ná."

Ìyá Fàtímọ̀ gbé ọmọ délé. Ó ń se ẹ̀wà, ó ń lọ ẹja sí i. Tó bá kan ẹyin, á tilẹ̀kùn, kí ará àdúgbò má baà sọ pé ó ń tọ́ olè. Ẹsẹ̀ tó wú ti rọlẹ̀, ẹkún padà dé, àmọ́ ìdìde, ó tì.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó gbé ẹyin bíbọ̀ sórí àpótí, ó yíjú sí iná tó ń fẹ́. Ìgbà tó máa wẹ̀yìn, Rahmah ti di àpótí mú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọ̀n rìrì, ó ń gé ẹyin jẹ tòun tèèpo.

"Subhanallah!" Ìyá Fàtímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, obìnrin o! "Bàbá Gbàdàmọ́sí, ẹ gbà mí! Ọmọ mi ti jalè!"

Bàbá Gbàdàmọ́sí ará ilé kejì sáré dé tòun ti kùmọ̀. "Olè dà?" Ó rí ọmọ lórí ìdúró. Kùmọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Háà! Ta ló gbé e dìde?"

"Ojúkòkòrò ni!"

Nírọ̀lẹ́, tí àwọn ará àdúgbò ti pé jọ, Ìyá Fàtímọ̀ gbé ẹyin mìíràn sí ẹnu ọ̀nà Bàbá Gbàdàmọ́sí, ó gbé Rahmah dúró sẹ́nu ọ̀nà tiẹ̀.

"Gbogbo yín, ẹ kọjú sógiri! Tó bá rí i pé à ń wòun, kò ní jí i."

Àgbàlagbà mẹ́jọ kọjú sógiri bí ọmọ ilé-ìwé tó pẹ́ dé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ kékeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀: fìrì... fìrì. Ó dákẹ́. Bàbá Gbàdàmọ́sí fi ẹ̀wù nu ojú.

Fìrì.

"Ẹ má wẹ̀yìn o," Ìyá Fàtímọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ó ku díẹ̀."