Ìyápọ̀ Kì í Ṣe Olè

Odò ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Odò Ìdí-Ìràwọ̀ tó ti ń ṣàn níwájú ààfin fún ọdún méjìlá, wọ́n wá yí i gba ẹ̀yìnkùlé bí ẹni ń la kòtò àgbàrá. Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́? Èmi Ládòkun, tísà ni mí ní Ṣakí, mo sì mọ odò yẹn ju èyí tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé bàbá mi lọ.

Ìdí-Ìràwọ̀ kì í ṣe ìlú tí mọ́tò ń dé o. Eré orí tábìlì ni. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan n'Íbàdàn ló gbé e jáde lọ́dún 1972: páálí ńlá tí wọ́n ya ìlú náà sí, dáìsì méjì bíi ti lúdò, àti ìwé tó sọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àtènìyàn àtiwin. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á mú ará ìlú kọ̀ọ̀kan, wọn á máa sọ ohun tí ẹni wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó yege. Àwa mẹ́rin la ń ṣe é ní ọ̀sán Sátidé: èmi, Nọ́ọ̀sì Àrínọlá, Ràmọ́nì tó ń kó aṣọ wọlé láti Kútọnú, àti Ìyápọ̀ káfíńtà. Ìyápọ̀ ló kan tábìlì tí a ń lò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀.

Lọ́dún 1976, Ìyápọ̀ kó ilẹ̀kùn lọ fún oníbàárà kan ní Àgọ́-Àrẹ. Lọ́rì tó gbé e ṣubú lójú ọ̀nà. Wọ́n sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó mú Ìyá Àdìjátù tó bí i lọ síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà lójú rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ là ń ṣe, kí ọgbẹ́ má baà tún ṣí.

Àwa wá kọ̀wé sí Ìbàdàn pé kí wọ́n fi Ìyápọ̀ ṣe aṣọ́bodè Ìdí-Ìràwọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ̀lú kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Wọ́n gbà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Láti ìgbà náà, ní Sátidé gbogbo, a máa ń kí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ìyá tó wà nínú ilé má baà gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n dáwọ́ títẹ eré náà dúró. Nígbà tí a gbọ́ lọ́dún 1984 pé wọ́n ti jí i dìde, inú wa dùn débi pé Ràmọ́nì ra ẹran. A tú páálí tuntun náà. A rí odò, a bú wọn. A rí i pé wọ́n ti lé ìgbìmọ̀ àwọn ìyá àgbà kúrò láàfin, Àrínọlá pòṣé títí. Ìgbà náà ni mo ka ojú ìwé kẹsàn-án sókè: "Olè kan wà lẹ́nu ibodè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìyápọ̀. Ẹ pa á kí ẹ tó wọ̀lú."

Àrínọlá já ìwé náà gbà, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri.

"Ṣé ká wá máa pa Ìyápọ̀ ní gbogbo Sátidé ni?" Ràmọ́nì bèèrè.

Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin gbáko sí wọn. Mo bú ẹni tó ronú ẹ̀, mo bú ẹni tó tẹ̀ ẹ́, n ò yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹni tó tún eré náà kọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Cornelius lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà la ti gbà á, Ìyá Àdìjátù sì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. N ò jẹ́ kó jókòó tán.

"Ta ló ní kí o sọ Ìyápọ̀ di olè?"

"Ẹ má bínú, sà." Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì. "Lẹ́tà tí ẹ kọ nígbà yẹn rèé. Ẹ ò sọ ẹni tó jẹ́ níbẹ̀, àwọn tó sì gbà á ti kúrò níṣẹ́. Mo rò pé ẹ kàn hùmọ̀ rẹ̀ ni. Aṣọ́bodè tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kí wọ́n máa kí i lọ, mo ní kí n wáṣẹ́ fún un. Ọgọ́rùn-ún péré la tíì tẹ̀. Mọ́ńdè la máa tẹ ẹgbẹ̀rún tó kù. Ẹ kọ ẹni tí Ìyápọ̀ jẹ́ fún mi, màá tún un ṣe."

Ó na bírò sí mi. Mo wo lẹ́tà náà. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ lóòótọ́, n ò sì fi ọ̀rọ̀ ikú sí i, torí pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni mo ti kọ ọ́, tí ìyá ń bu omi fún wa mu.

"Ọ̀rẹ́ wa ni," mo wí. "Kò... kò sí nílé."

Ràmọ́nì gbójú sókè, ó ń wo àjà. Àrínọlá tó ń túfọ̀ fáwọn èèyàn ní ọsibítù, gèlè ló ń tún wé.

"Ṣé ó máa dé kó tó di Mọ́ńdè?" Cornelius bèèrè. "Kí òun fúnra rẹ̀ kúkú kọ ọ́."

"Ó kú."

Ìyá Àdìjátù ló sọ ọ́. Ó ti gbé atẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó dìde.

"Ọmọ mi ni. Ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ ló kú sí. Ọdún mẹ́jọ rèé tí ẹ ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, tí ẹ ń dárúkọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni jalè. Ṣé ẹ rò pé etí mi di ni? Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá a jẹ, tẹ́ ẹ bá a mu, kò sẹ́nì kan tó bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tèmi kú, ẹ̀yin lẹ wá sọ ọ́ nù."

Àrínọlá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," ó wí. Ó yíjú sí mi. "Tísà, kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ pé Ìyápọ̀ ọmọ Àdìjátù ti kú. Ìyá ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.