Tìmùtìmù Miladin

Ní tiwa níbí, létí odò Danube, òkúta tútù ló ń jẹ̀bi gbogbo àìsàn tó bá ti wà nísàlẹ̀ ìdodo. Nítorí náà, nígbà tí Miladin apẹja wọlé sí yàrá ìtọ́jú tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, tó ń yan bíi pẹ́pẹ́yẹ, mo ti mọ ẹjọ́ tó fẹ́ rò.

"Àǹtí Stojanka, orí òkúta ni mo jókòó sí tí mò ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹ wo ohun tó fi ṣe mí."

Mo wò ó. Egbò kan ṣoṣo ni, etí rẹ̀ le. Kókó sì ti yọ lọ́tùn-ún lósì níbi tí itan ti pàdé ikùn.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Rárá o."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Tó bá ń dunni, tí kókó rẹ̀ ń ṣọyún, mi ò bá rò pé àrùn mìíràn ni. Sífílísì ni mo fura sí. Òkúta wo lo tiẹ̀ jókòó sí? Ṣé èyí tó ń kun ètè nílùú Smederevo ni?"

Ojú tì í. Ó jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ lára òun, ó sì sá lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé ìgò kan dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó ti jinná! Aṣọ tí mo rẹ sínú rakija ni mo fi ń dì í. Ọtí bàbá mi ju abẹ́rẹ́ yín lọ!"

"O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá. Bó o tiẹ̀ fi omi ọbẹ̀ dì í, egbò yẹn á jinná. Àrùn ọ̀hún ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ. Èsì rẹ̀ rèé." Mo na ìwé èsì náà sí i. "Desanka ńkọ́?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ọdún méje ni ìyàwó rẹ̀ fi wá oyún, oyún náà sì ti pé oṣù márùn-ún. Inú bí mi sí i gan-an.

"Ó lè ran ọmọ nínú. Abẹ́rẹ́ á wo ẹ̀yin méjèèjì, àmọ́ ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ fún un. Lónìí."

Kí ọjọ́ tó rọ̀, àwọn méjèèjì dé. Ojú Desanka ti wú. Mo gún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́ ní ìdí. Miladin tiro jáde, ó fẹ́ fi ìdí sórí àtẹ̀gùn òkúta, tòun ti tìmùtìmù tí ìyàwó rẹ̀ rán fún un nítorí òtútù.

Desanka fà á gbà, ó sì jókòó lé e.

"Èmi àti ọmọ la ni í. Ìwọ jókòó sórí òkúta, kò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan rí."