Èyí Tí Fáyọ̀kẹ́ Tú Sílẹ̀

Fìlà Bàbá Ògúnbọ̀wálé, tó ń pa gírísì sára ẹ̀rọ, ló kọ́kọ́ balẹ̀, ó ti là sí méjì. Apá irin tó di ayùn mú fò kọjá lórí bàbá, ó gbá ògiri, ó tún gbéra pé òun ń padà bọ̀. Fáyọ̀kẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lu bọ́tìnnì pupa. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú agolo gírísì ni, orí ì bá bá fìlà lọ.

Fáyọ̀kẹ́ ló kọ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ onípákó yìí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́dún 1986. Ọdún méjì rèé tó ti ń fi yangàn. Ọpọlọ méjì ni ẹ̀rọ náà ní: ńlá wà nínú kọ̀ǹpútà, kékeré wà nídìí apá irin. Kékeré ò níyè nínú rárá. Bí iná bá ti lọ, ó ti gbàgbé gbogbo nǹkan nìyẹn. Àfi kí ńlá dì í mú, kó tún kọ́ ọ níṣẹ́ látinú díìsì, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí, kó tó tú u sílẹ̀. Kí Fáyọ̀kẹ́ tó fún wọn láyè, á ro gbogbo nọ́ńbà orí díìsì pọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá bá ti inú ìwé mu, kò séwu.

Láàárọ̀ yìí, ó bá a mu. Ó ku kó tẹ bọ́tìnnì tí ńlá fi ń kọ́ kékeré níṣẹ́, tó sì ń tú u sílẹ̀, ni Ìyá Wòsílátù, ìyá ọ̀gá, wọlé láti Ìmùṣin. Ta ni yóò jókòó kí ìyá ọ̀gá nílẹ̀ Ìjẹ̀bú? Fáyọ̀kẹ́ jáde, ó kúnlẹ̀, ìyá sì ń bi í léèrè ará ilé rẹ̀ ní Ìbẹfun lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ewúrẹ́. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran, ṣùgbọ́n Fáyọ̀kẹ́ ò wẹ̀yìn. Ó padà wọlé, ó tẹ bọ́tìnnì.

Albert tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ló jẹ́wọ́. Ó rò pé Fáyọ̀kẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ló bá fi díìsì ìdánwò pààrọ̀ ti iṣẹ́ ilẹ̀kùn tó wà nínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí Fáyọ̀kẹ́ ń kí ìyá ọ̀gá. Iṣẹ́ ilẹ̀kùn kì í mú ayùn dé igun tí bàbá ń pa gírísì sí. Ti ìdánwò ń gbé ayùn láti ògiri dé ògiri.

Ọkàn Fáyọ̀kẹ́ fúyẹ́ díẹ̀, ó ti rí ẹni tí yóò ru ẹ̀bi. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò," ló ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá wò ó. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó pé."

Bàbá ò pariwo. Ó fi ègé fìlà méjèèjì lé orúnkún, ó ń gbìyànjú láti so wọ́n pọ̀.

"Ìwọ ni mo gbójú lé tí mo fi ń bọ́ sábẹ́ ẹ̀," ó ní. "Èyí tó o yẹ̀ wò, ṣé òun náà lo tú sílẹ̀?"

Fáyọ̀kẹ́ gbójú sókè wo apá irin náà. Díìsì ló ń kà láràárọ̀, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ti lè tó o. Èyí tó ti wọnú ọpọlọ kékeré, tó wà lórí bàbá yìí gan-an, kò kà á rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àṣé ohun tí Albert ṣe lónìí, ẹnikẹ́ni ì bá ti ṣe é lọ́jọ́kọ́jọ́.

Ó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó. "Bàbá, láti ọdún méjì, mi ò mọ ohun tí mo ń tú sílẹ̀."

Bàbá kó ègé fìlà rẹ̀ kúrò lórí orúnkún. Lẹ́yìn náà, ó rọra sún kúrò lábẹ́ apá irin náà.