Ìwé Ẹrù Tí Tẹjúmọ́lá Rí ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Tẹjúmọ́lá ló máa ń ṣáájú àdúrà òwúrọ̀ ní ọ́fíìsì wọn ní Liverpool Road, ní Àpápá. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, á ka ẹsẹ Bíbélì kan, á sì gbàdúrà fún gbogbo wọn. Morádéún tí wọ́n jọ ń jókòó kì í mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù láìkọ́kọ́ ní kí ó bá òun gbàdúrà.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n wá ojúlówó ìwé ẹrù oníbàárà kan títí, wọn ò rí i. Láìsí ìwé yìí, kọ̀ǹténà oníbàárà náà ò lè kúrò ní èbúté Tin Can. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọbalọlá, pe Tẹjúmọ́lá.

"Ṣebí ọwọ́ yín ló wà kẹ́yìn?"

"Orí tábìlì mi ni mo fi í sí, sà. Àfi bí Ìyá Ṣàfíù bá gbá a mọ́ ìdọ̀tí."

Ó kàn sọ ọ́ ni, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìbínú ọ̀gá. Ìyá Ṣàfíù ni Sàlímọ́tù, ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wọn. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Ó ń búra, ó ń sunkún lójú gbogbo òṣìṣẹ́ pé òun ò fọwọ́ kan bébà kankan.

Ní ọjọ́ Àìkú, Tẹjúmọ́lá dìde láti ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe ṣí Bíbélì rẹ̀, ìwé ẹrù náà rèé. Ìgbà náà ló rántí pé òun fi sàmì sí ibi tí òun kà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí fóònù òun dún. Síbẹ̀, ó ka ẹ̀kọ́ náà tán. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Ìyẹn gan-an ló wá ń dùn ún jù lẹ́yìn náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ti ìwé náà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Gbogbo wọn yin Olúwa.

"Obìnrin yẹn náà ló máa jù ú síbẹ̀," ni ọ̀gá wí.

Tẹjúmọ́lá gbé ìwé náà fún un, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń gbàdúrà tí kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lọ sí Ajégúnlẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé. Ó bá Sàlímọ́tù níbi tó ti ń fọṣọ lójúde. Tega, obìnrin tí wọ́n jọ ń gbélé, wo àlejò náà tòkètilẹ̀.

"Mama Shafiu, na who be dis?"

"Na my madam for work."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Tẹjúmọ́lá lára. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, mà. Èmi ni mo mú ìwé yẹn. Inú Bíbélì mi ló wà."

Sàlímọ́tù ò dẹ́kun aṣọ tó ń fọ̀. "Ṣé ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ọ́fíìsì?"

"Rárá, mà."

"Níbẹ̀ lojú ti tì mí, àǹtí. Níbí, kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn mí. Ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn dìde fún àdúrà, wọ́n ti dijú. Tẹjúmọ́lá ní kí wọ́n lajú, ó sì jẹ́wọ́.

"Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wá ńkọ́?" ni ọ̀gá bi í.

"Irọ́ ni, sà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Morádéún wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó tẹ Sàlímọ́tù láago, ó bẹ̀ ẹ́ níṣojú gbogbo wọn, ìyá náà sì padà síṣẹ́. Nígbà tí Tẹjúmọ́lá fi máa wọlé padà, ẹlòmíràn ló ń ṣáájú àdúrà.

Sàlímọ́tù ń kí i dáadáa, kò bá a yan odì. Ṣùgbọ́n bó bá dé ìdí tábìlì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bébà yíya ló wà nílẹ̀, á dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Àǹtí, ṣé kí n gbá eléyìí?"

"Ẹ gbá a, mà," ni Tẹjúmọ́lá á wí, ojú á sì tì í.